Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹ̀wà, Kòkó àti Gbèdéke Oògùn Apakòkòrò Nínú Oúnjẹ

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí oògùn apakòkòrò nínú oúnjẹ pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ìwé yìí jìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. A yan márùn-ún nínú wọn, a sì gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá mi ni. Mo máa ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn òyìnbó kò gba ẹ̀wà wa nítorí oògùn tó wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà yìí kan náà la ń jẹ láti kékeré. Ṣé májèlé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ dí wa lọ́nà ọjà ni? Ta ló sì ń pinnu pé oògùn báyìí ti pọ̀ jù?
— Ìyá Ẹlẹ́wà, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró fún ọdún kan. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un, ìyẹn di 2019, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ́ sínú òfin mìíràn tí wọ́n fi ń ṣọ́ oúnjẹ tó ń wọlé láti òkè òkun. Oògùn tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà náà ni dichlorvos, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ òtapíápíá tí a ń rà láti fi pa aáyán àti ẹ̀fọn. Gbèdéke tiwọn jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú kílò ẹ̀wà kan. Ohun tí wọ́n bá nínú àwọn ẹrù tí wọ́n dá padà bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àpò ta ẹ̀wà yóò tètè rí bí iye wọ̀nyí ti rí. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún àpò ẹ̀wà jọ, tí àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò, gíráàmù kan péré ni gbèdéke Yúróòpù gbà láàyè nínú gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀wà tí ó ní 4.6 yẹn ní bí ìdajì gíráàmù nínú àpò kan ṣoṣo. Ìlọ́po irínwó ó lé ọgọ́ta ni ìyẹn fi ju gbèdéke lọ, kò sì sí bí a ṣe lè pe èyí ní èèṣì afẹ́fẹ́ tó gbé oògùn wá láti oko aládùúgbò. Ẹnì kan ló da oògùn sí ẹ̀wà náà nínú àká tàbí nínú àpò.

Ní ti ẹni tó ń pinnu, ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń wá ìdáhùn sí kí gbèdéke tó jáde. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ara ènìyàn: iye oògùn yìí mélòó ni ènìyàn lè máa jẹ lójoojúmọ́ títí yóò fi darúgbó láìṣe é ní nǹkan? Wọ́n á fi oògùn náà bọ́ ẹranko, wọ́n á wá iye tí kò pa ẹranko lára, wọ́n á sì sábà pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ara ènìyàn lè má gba ohun tí ara eku gbà, ara ọmọdé àti ti aláìlera sì lè má gba ohun tí ara géńdé gbà. Ìbéèrè kejì jẹ́ ti oko: bí àgbẹ̀ bá lo oògùn náà gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára ìgò, èló ni yóò ṣẹ́kù lára irè ní ọjọ́ ìkórè? Wọ́n á gbin irè náà sí oko àdánwò, wọ́n á fín in, wọ́n á sì wọn ohun tó ṣẹ́kù. Èsì ti oko yìí ni wọ́n fi ń kọ gbèdéke, bí wọ́n bá ti rí i dájú pé ẹni tó ń jẹ irè náà kò ní kọjá iye ti àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ tí FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé kalẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Codex, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 láti máa fi ìlànà oúnjẹ lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Yúróòpù ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́ òfin 396/2005. Oògùn tí wọn kò bá kọ gbèdéke kankan fún lára irè kan, 0.01 ni wọ́n máa ń lò fún un, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé kí oògùn yẹn má ṣe sí níbẹ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi lè kọjá gbèdéke láìjẹ́ pé ó lè pa ènìyàn, tí ó sì tún lè kọjá rẹ̀ débi tí yóò fi léwu gidi. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe ìṣirò, ọmọ bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Òdiwọ̀n tí ìgbìmọ̀ FAO àti WHO ṣe ní 2011 sọ pé dichlorvos tí ọmọ yìí jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 0.06 mílígíráàmù lọ. Bí ó bá jẹ ẹ̀wà tí a fi ọgọ́rùn-ún gíráàmù sè, tí ẹ̀wà náà sì ní 0.03 nínú kílò kan, 0.003 péré ló jẹ, ìyẹn ìdá kan nínú ogún ohun tí ara rẹ̀ lè gbà, síbẹ̀ Yúróòpù yóò dá ẹ̀wà yẹn padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà náà bá jẹ́ èyí tí ó ní 4.6, tí iná kò sì dín in kù, 0.46 ló jẹ, ó sì ti ju ìlọ́po méje lọ. Àjọ EFSA tí ń gba Yúróòpù nímọ̀ràn ka dichlorvos sí ewu ju bẹ́ẹ̀ lọ, òdiwọ̀n tiwọn kéré sí èyí gan-an.

Nítorí náà, mà, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀wà wa ni májèlé kò sọ òótọ́, ẹni tó bá sì sọ pé owó ọjà lásán ni òyìnbó ń jà sí kò sọ òótọ́ bákan náà. A kò fi dichlorvos tọ́jú oúnjẹ tí a fẹ́ jẹ, NAFDAC sì ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti 2015 títí di òní, bí a ó ṣe tún ẹ̀wà tà sí òkè òkun ni gbogbo ènìyàn ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà tí a ń tà síta kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwa fúnra wa ń jẹ. Ẹ̀wà tí ọmọ òyìnbó kò gbọdọ̀ jẹ, ọmọ ta ló yẹ kó jẹ ẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí n kì í rí ẹ̀wà olóyin tí wọ́n kọ Nàìjíríà sí lára ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa níbí? Mo rò pé nígbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, òfin wọn kò kàn wá mọ́.
— Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí Bìrìtéènì kúrò, ó kó ọ̀pọ̀ nínú òfin oúnjẹ Yúróòpù sínú òfin tirẹ̀, ìdádúró ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àjọ HSE ló ń fi gbèdéke lélẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá rí ẹ̀wà pupa nínú ọ̀rá, ẹ ka orúkọ orílẹ̀-èdè tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà tó bi wá ní irú ìbéèrè yìí náà kí ó yé wọn pé àjọ ìjọba tó ń jẹ́ EPA ló ń kọ gbèdéke níbẹ̀, àjọ FDA ló sì ń yẹ ẹrù wò. Oògùn tí EPA kò bá kọ gbèdéke fún lára oúnjẹ kan kò gbọdọ̀ sí lára oúnjẹ náà, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ kú làálàá. Ọmọ mẹ́ta ni mò ń se oúnjẹ fún. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ ni kí n máa rà, pé ìyẹn ló fi hàn pé kò ní oògùn. Aládùúgbò mi ní iyọ̀ ni kí n fi fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ní ọṣẹ ìfọbọ́. Èwo ni kí n ṣe?
— Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Kí àgbà má bínú sí wa o, ihò kòkòrò lára ẹ̀wà kò fi nǹkan kan hàn ju pé kòkòrò ti gbé ibẹ̀ rí. Ẹlòmíràn kì í da oògùn sí ẹ̀wà títí di ìgbà tí ó bá rí i pé kòkòrò ti ń rìn nínú àpò, nítorí náà ihò àti oògùn lè jọ wà nínú ẹ̀wà kan náà. Tí ẹ bá bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ gbóòórùn rẹ̀, tí ó ń rùn bí oògùn ẹ̀fọn, ẹ má rà á, bí ó ti wù kó pọ́n tó. Ṣùgbọ́n tí kò bá rùn, ẹ má fi ọkàn balẹ̀ pátápátá, torí dichlorvos máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́.

Oògùn yìí máa ń yọ́ sínú omi, ooru sì máa ń bà á jẹ́, nítorí náà ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́ gidi. Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ léraléra, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ da omi náà nù. Ẹ gbé e kaná, nígbà tí ó bá ti hó fún ìgbà díẹ̀, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó fi omi mìíràn sè é. Ẹ má kọ́kọ́ bo ìkòkò. Ẹ̀wà tí a bó fún mọ́ínmọ́ín àti àkàrà tún sàn jù, torí pé èèpo rẹ̀, tí oògùn kọ́kọ́ bà lé, ti bá omi lọ. Iyọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí omi lásán kò ní ṣe. Ẹ má fi ọṣẹ fọ oúnjẹ: FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má fi í fọ èso àti ẹ̀fọ́, nítorí pé ọṣẹ náà lè wọ inú wọn, ẹ̀wà tó ń mu omi sì ni tirẹ̀ yóò burú jù.

Àmọ́ a kò ní tàn yín. Gbogbo èyí ń dín oògùn kù ni, kò sí ọ̀nà kan ní ilé ìdáná tí a fi lè mọ iye tó kù, àwọn oògùn mìíràn sì wà tí ń wọ inú hóró lọ tí omi kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 2008, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bekwarra ní ìpínlẹ̀ Cross River, ọmọ méjì kú, ènìyàn méjìléláàádọ́fà sì dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tí oògùn apakòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀ kọjá ààlà. Ẹ̀wà tí wọ́n ti fi iná sè ni wọ́n jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni NAFDAC fòfin de ọgbọ̀n oríṣi oògùn oko. Àwọn tó sè é kò ṣe ohun tí ìyá kankan kì í ṣe, ìdí nìyí tí a fi gbà gbọ́ pé kò yẹ kí ìyá tó ń dáná jẹ́ ẹni tí yóò máa yẹ oúnjẹ wò gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ máa bu ẹ̀wà ní Bódìjà, ní Mile 12, ní Dáwánáù ní Kánò, kí wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn kà, ọjà kan lẹ́yìn òmíràn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá jẹun tán, tí itọ́ àti omijú ń dà lẹ́nu àti lójú rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí ó ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí iṣan ara rẹ̀ ń fò, tàbí tí èémí rẹ̀ ń le, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé ìyókù oúnjẹ náà dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ro epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má sì fipá mú un bì, nítorí pé ó lè gba ọ̀nà òdì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́ agbára oògùn yìí wà lọ́wọ́ àwọn dókítà.

Olóòtú, àgbẹ̀ kòkó ni mí, bàbá mi náà sì nìyẹn. Gàmálíìnì ni wọ́n fi tọ́jú oko yìí tí wọ́n fi rán wa nílé ìwé. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa wá ń béèrè orúkọ oògùn tí a lò àti ọjọ́ tí a fín in. Kí ló kan oníkòkó pẹ̀lú ìyẹn?
— Bàbá Oníkòkó, Ìdànrè

Ẹ kú oko, bàbá. Gàmálíìnì pa kòkòrò lóòótọ́, àǹfààní rẹ̀ nígbà náà kò ṣeé sẹ́. Lindane ni oògùn inú rẹ̀. Kì í tètè bàjẹ́, inú ọ̀rá ló sì ń lọ sá sí. Hóró kòkó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá. Ohun tí ẹ fín sára igi lè bá kòkó lọ títí dé inú ṣokoléètì tí ọmọdé ń jẹ. Ní 2009 ni wọ́n fi lindane sínú ìwé Àdéhùn Stockholm, pẹ̀lú àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé gbà pé kí a fi sílẹ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án 2008 ni gbèdéke tuntun Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Japan náà ti bẹ̀rẹ̀ irú tirẹ̀ ní 2006. Nítorí náà, ẹni tó ń ra kòkó yín mọ̀ pé bí wọ́n bá yẹ ẹrù náà wò ní èbúté, tí wọ́n bá ohun tí kò yẹ nínú rẹ̀, òun ni yóò ru gbèsè. Àpò kan tí kò dára lè ba gbogbo ẹrù jẹ́, torí pé wọ́n máa ń da kòkó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pọ̀ ni.

Òfin náà kì í dúró sójú kan. Ní Nàìjíríà níbí, NAFDAC fòfin de paraquat, oògùn apakoríko, pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò, tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún náà, atrazine, oògùn apakoríko mìíràn, sì tẹ̀ lé ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹ má lo àjẹkù wọn tó kù sínú àká. Yúróòpù ní tirẹ̀ ti rẹ gbèdéke oògùn apakòkòrò méjì, thiamethoxam àti clothianidin, sílẹ̀ sí iye tó kéré jùlọ tí ẹ̀rọ lè rí, láti oṣù kẹta 2026. Kì í ṣe nítorí ẹni tó ń jẹ kòkó o. Nítorí oyin ni, nítorí pé àwọn oògùn méjèèjì ń pa á. Ó jẹ́ ohun tuntun kí ìjọba máa fi gbèdéke oúnjẹ dáàbò bo kòkòrò ní oko orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn kan sì ń bínú sí i, ṣùgbọ́n oyin tó ń kú ní Yúróòpù kò yàtọ̀ sí èyí tó ń kú ní Ìdànrè.

Kí ẹ tó ra oògùn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn tàbí lọ́dọ̀ CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn, kí wọ́n sọ èyí tí a fọwọ́ sí lọ́dún yìí fún yín. Ẹ wo ara ìgò fún iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìfín àti ìkórè, nítorí pé iye ọjọ́ yẹn ni wọ́n dúró ní oko àdánwò tí wọ́n fi kọ gbèdéke. Bí ẹ bá fín lónìí tí ẹ sì já kòkó lọ́túnla, oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí gan-an lè kọjá gbèdéke lára irè yín. Ẹ má sì da kòkó sínú àpò tí a fi ru oògùn tàbí ajílẹ̀ rí, bí ẹ tilẹ̀ ti fọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ ra ẹ̀wà pamọ́ nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà, kí n tà á nígbà tí ó bá gbówó lórí. Gbogbo àwọn tí mo bi ní tí n kò bá lo oògùn, kòkòrò yóò jẹ owó mi. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?
— Ọ̀dọ́ Oníṣòwò, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀nà wà, kì í sì í ṣe ọ̀nà olówó ńlá. Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń bá a wálé. Abo rẹ̀ á lẹ ẹyin funfun wínníwínní mọ́ ara hóró, ìdin inú rẹ̀ á lu wọlé, nígbà tí yóò bá fi tó bí oṣù kan, kòkòrò tuntun á jáde láti inú ihò róbótó tí gbogbo wa mọ̀. Ẹyọ díẹ̀ tí ẹ kò rí lọ́jọ́ tí ẹ rà á lè di àìlóǹkà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú àwọn ènìyàn lo òtapíápíá, ẹ̀rù náà sì tọ́.

Kòkòrò ń mí bí a ti ń mí. Àpò PICS, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ṣe ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, ní ọ̀rá nípọn méjì nínú, àpò híhun sì wà ní òde. Nígbà tí a bá dí i pa, kòkòrò inú rẹ̀ á mí títí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á fi tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè bímọ, yóò sì kú. Ẹ rí i pé ẹ̀wà náà gbẹ dáadáa, kí ó fọ́ péú tí ẹ bá fi eyín gé e, torí ẹ̀wà tútù yóò bu nínú ọ̀rá. Kí ẹ tó dà á sí i, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí bóyá ó ń jò. Bí ẹ ti ń da ẹ̀wà sí i ni kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ dì í, kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá kejì, kí ẹ sì wá di àpò òde. Ẹ gbé e sórí pákó, ẹ má jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí eku má sì dé ibẹ̀. Ẹ má máa tú u wò.

Kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, bí ẹ bá kún un dé ẹnu. NSPRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìtọ́jú irè tó wà ní Ìlọrin, tún ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi irú erùpẹ̀ kan ṣe, tí ń mú kí omi ara kòkòrò gbẹ. Ẹ lè lọ bá wọn fún ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ní ti tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníṣòwò ńlá máa ń fi sí ilé àká, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ènìyàn, ó sì ti pa ìdílé mọ́jú rí níbi tí wọ́n ti fi í sí yàrá tó sún mọ́ ibùsùn. Ẹni tí a kọ́ nìkan ni kó lò ó, ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

Tí ẹ bá ti ń ta ẹ̀wà inú àpò PICS, ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí ọ̀rá náà kí ẹ tó tú u.